Ìdérí Kámẹ́rà àti Ẹ̀rín Màmá

Tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ fọ́tò dunjú ládùúgbò wa, ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n máa júwe fún yín. Tí ẹ bá sì ń wá ẹni tí ìgbàgbé kọ́lé sí lórí, tó tún ń bímọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni. Ọkọ mi ni mò ń sọ. Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà nìyẹn kó tó tẹ kámẹ́rà: "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, díẹ̀ náà ni." Aránṣọ lèmi. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lápá ọ̀tún ṣọ́ọ̀bù, àga àti iná tirẹ̀ wà lápá òsì, kọ́tìnì kan ló wà láàárín wa. Kò sí ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn tí etí mi kì í gbọ́.

Ẹ má rò pé mò ń bà á lórúkọ jẹ́ o. Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ó lè ya èèyàn kí onítọ̀hún máa bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Àbí èmi kọ́ nìyí?" Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá? Tíṣà àgbà kan fẹ̀yìn tì nílé ìwé tó wà lẹ́yìn òpópónà wa. Wọ́n to gbogbo ọmọ sórí bẹ́ǹṣì, tíṣà jókòó láàárín wọn pẹ̀lú táì pupa, ọkọ mi yà wọ́n títí òógùn fi bò ó. Kò sí káàdì nínú kámẹ́rà! Káàdì wà lórí fíríìjì wa nílé, ibi tó gbé e sí kó má baà gbàgbé rẹ̀. Ni wọ́n bá tún to àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ kejì, tíṣà tún wọ táì pupa, ó sì fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá náà ò tilẹ̀ bínú. Ó ní ìgbà kejì yẹn gan-an ni ìfẹ̀yìntì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òun lára.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ló fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́ lálẹ́, tó tún un ṣe kó lè ríran nínú òkùnkùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò dá a padà. Ó fi ya ọmọ jòjòló kan nínú oòrùn, fọ́tò sì funfun báláú. Ìyá ọmọ yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi dà?" Fìlà kékeré kan tí mo rán ni mo fi bẹ obìnrin yẹn.

Tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ máa rò pé á bá ara rẹ̀ wí. Rárá o. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ló máa ń bá wí.

"Wọ́n lè ṣe kámẹ́rà tó ń rí kòkòrò lórí ewé lókèèrè," á máa sọ bẹ́ẹ̀ bó ti ń ti búrẹ́dì bọnú tíì láàárọ̀, "wọn ò wá lè ṣe èyí tó máa sọ fún mi pé káàdì ò sí níkùn òun? Ṣé ìyẹn náà le ni? Kó kàn sọ pé, 'Ọ̀gá, ebi ń pa mí.' Tí bátìrì bá ṣì wà lára iná, kó má jẹ́ kí n rí ẹnu ọ̀nà jáde. Tílẹ̀ bá mọ́, kó fi ohun tí mo ṣe é lálẹ́ sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tí ìdérí bá sì bo ojú ẹ̀, tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kó kígbe! Kó ní, 'Ọ̀gá, mi ò ríran o!'"

"Kámẹ́rà tó máa ń kígbe mọ́ ẹ," mo dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, "ṣebí o ti fẹ́ ẹ sílé."

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lára. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé mò ń pè é ní "ìwọ". Níwájú ìyá rẹ̀, "ẹ̀yin" ni. Tó bá ku àwa méjì, tí kò sì rí káàdì, "ìwọ" ni.

"Èyí tí mò ń wá jù lọ," ó ń nu aṣọ rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, "ni èyí tó máa ti ya nǹkan kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní irú ẹ̀ ti wà, àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ tèmi. Ẹ̀rín kì í dúró de èèyàn."

Mo mọ ẹ̀rín ẹni tó ń rò. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni.

Màmá ti wà lọ́dọ̀ wa ọjọ́ ti pẹ́. Ìyàwó onífọ́tò lòun náà, torí bàbá ọkọ mi, tó ti dolóògbé, ló dá ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Tí Màmá bá ń rẹ́rìn-ín nílé ìdáná, àwọn ará ilé kejì á máa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, kíá, ojú rẹ̀ á le koko bí ojú ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́rìí ní kóòtù. Fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ojú yẹn ni. Fọ́tò tó gbé ọkọ mi jòjòló dání, ojú yẹn náà ni. A ti gbà pé ìwà àtijọ́ ni, torí kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn ń pẹ́ kó tó ya nǹkan, wọ́n á ní kéèyàn má mira. Tí a bá bi í, ohun tó máa sọ ò ju, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi."

Kì í ṣe pé kò rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù rí o. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kì í bá kámẹ́rà nílé. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ mi fẹ́ yà á, bátìrì wà nílé lára iná. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Lọ́jọ́ mìíràn, ìdérí ló bo ojú kámẹ́rà. Ẹ máa bi mí pé báwo lonífọ́tò ṣe máa tẹ kámẹ́rà tí ojú ẹ̀ bò láìmọ̀. Ìlànà tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ ni. Bàbá ní onífọ́tò gidi, ojú èèyàn ló ń wò, kì í wo kámẹ́rà. Tí ọkọ mi bá ti gbé kámẹ́rà lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó wo inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Á fi ìdérí dé e kí eruku má baà wọ̀ ọ́, á lọ tún ọrùn aṣọ oníbàárà ṣe, á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú okùn kékeré tó ní bọ́tìnì lẹ́nu, á máa wo ojú ẹni tó ń yà. Tó bá gbàgbé láti ṣí ìdérí, bẹ́ẹ̀ náà ló máa tẹ̀ ẹ́.

Ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin bá ní kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun lókè òkun. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì. Inú Màmá dùn débi pé ó di báàgì rẹ̀ kí wọ́n tó dá ọjọ́. Inú ọkọ mi náà dùn, àmọ́ ó ń ṣe bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mo gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rín Màámi kọ́ ara ògiri kó tó lọ," ó sọ fún mi. "Tó bá lọ tán, tí mi ò ní in, ta ló máa máa rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí?"

"Èmi ńkọ́?"

"Tìẹ, ariwo ni."

Mo fi aṣọ tí mò ń rán lù ú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ká a lára.

Ọjọ́ tí Màmá máa lọ, ọkọ mi ti jí kí ojúmọ́ tó mọ́. Mo gbọ́ tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ ní pálọ̀: "Bátìrì, ó ti kún. Káàdì, ó wà níkùn. Ojú, ó ti mọ́. Ìdérí, àpò mi lo máa wà lónìí, o ò ní jáde." Ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Màmá wọ aṣọ tuntun tí mo rán fún un, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó jókòó lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù. Bí iná ṣe tàn, bẹ́ẹ̀ lojú rẹ̀ le.

"Màámi, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Mò ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín ọ̀hún dà?"

"Ó wà nínú."

Ọkọ mi sọ̀rọ̀ tíṣà tó fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀mejì. Ó jó. Ó ṣe bí ewúrẹ́. Màmá ń wò ó bí ẹni ń wo òjò. Kámẹ́rà ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, gbogbo fọ́tò mọ́ kedere, kò sí èyí tó funfun jù, kò sí èyí tó dúdú. Ohun gbogbo pé, ẹ̀rín nìkan ni ò sí.

Ó wá bá mi lẹ́yìn kọ́tìnì, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn àga mi, ó jókòó lórí aṣọ oníbàárà mi. Mi ò pariwo mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Lónìí, mi ò gbàgbé nǹkan kan," ó ní. "Kí ló wá kù tí mi ò ṣe? Mọ́tò á dé láìpẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo wá ń bi ara mi pé, ìgbà wo gan-an ni Màmá máa ń rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù yìí? Ọjọ́ bátìrì. Ọjọ́ ìdérí. Háà! Kí ló ti ń ṣe mí látọjọ́ yìí? Ìgbàgbé ọmọ rẹ̀ ló ń pa á lẹ́rìn-ín! Ọkọ mi sì lọ yan ọjọ́ tí kò yẹ kó rántí nǹkan kan, ọjọ́ náà ló wá rántí ohun gbogbo.

"Ẹ lọ bu omi sójú," mo sọ fún un. "Ẹ wá yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bó ṣe jáde ni mo ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù tó kọ́ sẹ́yìn àga, mo mú ìdérí. Mo rọra gba iwájú kámẹ́rà kọjá, mo kọ ẹ̀yìn sí Màmá bí ẹni tó ń ká okùn iná, mo sì dé e pa. Lẹ́yìn náà mo mú kámẹ́rà kékeré tó fi ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Mo wo bátìrì, mo wo káàdì, mo fi ya ògiri wò, ògiri jáde. Mo dúró sẹ́nu kọ́tìnì, mo fi aṣọ bò ó.

Ọkọ mi wọlé, ó gbé okùn bọ́tìnì, kò wo kámẹ́rà. Ìlànà bàbá rẹ̀. "Màámi, èyí nìkan ló kù. Ó di ọ̀kan, ó di èjì..."

Màmá wo kámẹ́rà. Ó fún ètè pọ̀ kí ẹ̀rín má baà jáde. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Ọmọ mi," ó ní, "ta lò ń yà?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Kámẹ́rà tó máa yà mí ti sùn!"

Ọkọ mi yíjú wo kámẹ́rà. Ó fa ìdérí yọ, ó gbé e sókè. "Mo ṣí i! Ọlọ́run ń gbọ́, mo ṣí i!"

Ibẹ̀ ni Màmá ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ju orí sẹ́yìn, ó gbá àyà mú, ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ hàn sí gbogbo ayé. Ẹ̀rín ran ọkọ mi, òun náà bú sí i. Mo ṣí aṣọ kúrò, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, mi ò dáwọ́ dúró.

Nígbà tí fíláàṣì tàn sí wọn lójú ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ó já kámẹ́rà gbà lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Màmá ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí lọ́wọ́, ó yanu bíi tirẹ̀ gẹ́lẹ́. Gbogbo ògiri ṣọ́ọ̀bù wa kún fún fọ́tò, kò sí ọ̀kan tí ọkọ mi wà nínú ẹ̀. Ta ni ì bá yà á?

"Bàbá rẹ náà nìyẹn," Màmá sọ, ó ń nu ojú. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá yà mí nílé bàbá mi, ìdérí ò kúrò lójú kámẹ́rà. Mo rín in débi pé gbogbo ará ilé jáde wá wò ó. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, àmọ́ kí n jọ̀wọ́, kí n má rẹ́rìn-ín níwájú kámẹ́rà mọ́, torí iṣẹ́ òun ni. Mo ṣèlérí fún un." Ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ rẹ́rìn-ín fún ẹ, ọmọ mi. Mò ń bá a pa á mọ́ ni."

Omi ti bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún yín.

"Màámi," ọkọ mi ní, "ẹ ti wá ba ìlérí jẹ́ lónìí."

"Ìdérí ló dá a sílẹ̀, ìdérí náà ló bà á jẹ́. Ó máa yé e níbi tó wà." Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ yá o."

Ó ti rí mi látìbẹ̀rẹ̀! Mo yára padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Mọ́tò dé. Ọkọ mi tú kámẹ́rà ńlá kúrò lórí irin, ó gbé e kọ́ ọrùn. A dì mọ́ra, a gbàdúrà, a juwọ́, mọ́tò lọ. Mo yíjú padà, mo rí báàgì Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ló ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun fúnra òun lòun máa gbé e sínú mọ́tò.

"Rẹ́rìn-ín-Díẹ̀!" mo kígbe.

Ó gbé báàgì lérí, ó sáré tẹ̀ lé wọn ní òpópónà, kámẹ́rà ńlá ń lù ú láyà. Ìgbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ayọ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ó yọrí lójú fèrèsé, ó ń rín mi títí mo fi bá wọn! Ẹ̀rín yẹn ju ti àárọ̀ lọ!"

"Ṣé o yà á?"

Ó wo kámẹ́rà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Bátìrì kún, káàdì wà níkùn, ojú ẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó wá wò mí.

Mo ní kó jẹ́ ká wọlé, ká lọ tẹ èyí tí mo yà jáde, kó tó gbàgbé ibi tó gbé kámẹ́rà kékeré sí.