Ìtẹ́ Tí Ràsákì Kàn fún Odídẹrẹ́

Ràsákì káfíńtà kì í ṣe ọmọ Aràmọkọ. Èjìgbò ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Aràmọkọ ló sin ọmọ rẹ̀ sí, ibi téèyàn bá sì sin ọmọ sí kò ṣeé kó kúrò bọ̀rọ̀. Àyọ̀ká lorúkọ ọmọ náà, ẹnì kan ṣoṣo tí Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Lásìkò tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Àyọ̀ká ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Iléṣà. Ó ń bọ̀ wálé wá ṣọdún Iléyá ni bíréèkì ọkọ̀ wọn já ní òkè Ẹ̀fọ̀n. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé délé.

Ohun tó fi sílẹ̀ ni odídẹrẹ́ kan. Ọdẹ kan ló fún un ní ẹyẹ náà nígbà tí kò tíì hu ìyẹ́. Ẹ̀kọ rírọ̀ ló fi tọ́ ọ, ó sì kọ́ ọ lọ́rọ̀ títí ohùn tirẹ̀ fi bọ́ sí ẹyẹ lẹ́nu. Bí Ràsákì bá ti ibi iṣẹ́ dé, odídẹrẹ́ á ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n sin Àyọ̀ká tán, ẹyẹ ò dákẹ́.

Àbíkẹ́ ò lè fara dà á. "Bàbá Àyọ̀ká," ó ní, "ẹ jẹ́ ká gbé ẹyẹ yìí fún ẹlòmíì. Gbogbo ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ ni mo ń sáré jáde wá wo ojú ọ̀nà."

"Èmi náà ń sáré jáde," Ràsákì dá a lóhùn. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi lè gbé e fún ẹnikẹ́ni."

Àbíkẹ́ ò bá a jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Èjìgbò.

Ó wá ku Ràsákì àti ẹyẹ. Èjìká rẹ̀ ni ẹyẹ máa ń bà lé tó bá ń fági, Ràsákì á sì máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí dé ìdí ìkó pupa rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìwà ẹyẹ yí padà. Ó ń gé etí tábìlì jẹ, ó ń fa bébà ya, ó ń rá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ jókòó sínú òkùnkùn. Ó tún ń pọ oúnjẹ sí Ràsákì lọ́wọ́. Ràsákì rò pé àìsàn ni, àfìgbà tó rí i tó ń wọ́ èérún igi lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìtẹ́ ló ń wá. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà àkọ́kọ́ tí inú Ràsákì dùn nìyẹn. Ó kan àpótí, ó lu ihò sí i bí ihò igi tí àwọn odídẹrẹ́ ń yé sí nínú igbó, ó sì gbé e kọ́ ara ògiri.

Ẹyẹ wọlé, ó yé, ó sàba. Láti ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹyin ò pa, wọ́n bàjẹ́. Ràsákì dà wọ́n nù, ẹyẹ tún yé òmíràn, ó wá ń rù sí i lójoojúmọ́. Nígbà tí àyà Ràsákì já, ó gbé e lọ sí Ìjerò, lọ́dọ̀ Olúkáyọ̀dé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn.

"Bàbá, ẹyin wọ̀nyí ò lè pa, kò sí akọ níbẹ̀," Olúkáyọ̀dé sọ. "Ẹ̀yin ló fi ṣe ọkọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn yẹn ló ń mú un yé. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ sì gbé àpótí kúrò níwájú rẹ̀. Bí ò bá ṣíwọ́, ọjọ́ kan ẹyin á há sí i nínú."

Ràsákì gbé àpótí kúrò. Ẹyẹ ń fi èékánná ha ògiri níbi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó fi ohùn Àyọ̀ká sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ràsákì jáde lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé, ohùn kan náà ló bá. Ó mọ̀ pé ẹyẹ ni. Ohun tí Olúkáyọ̀dé sọ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Síbẹ̀, ó gbé àpótí padà sára ògiri.

Kò pẹ́ sígbà náà ló bá ẹyẹ nílẹ̀ àpótí, ó wú ìyẹ́, ó ń rọbí, ẹyin ò jáde. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, ó fi epo pa á nídìí, ó ń pè é ní Àyọ̀ká láìmọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló kú sí.

Ràsákì lọ sí Èjìgbò lọ sọ fún Àbíkẹ́. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bú sẹ́kún.

"Nígbà tó ń sọ̀rọ̀, mo máa ń gbàdúrà pé kó dákẹ́," ó ní. "Ó ti dákẹ́ báyìí. Kò tù mí lára."

Ràsákì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ padà sí Aràmọkọ. Àbíkẹ́ ò bá a lọ, òun náà ò sì bẹ̀ ẹ́.