Ewé Tí Kò So Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, n kò fẹ́ràn ìyàwó tí ọkọ mi gbé wálé. Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí fún un, ọmọ náà sì ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkọ̀yà, n kò tún rí oyún mìíràn. Nígbà tí ẹnu àwọn ẹbí rẹ̀ kò gbélẹ̀ mọ́, ó lọ fẹ́ ọmọ ará òkè kan. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira ni.

Ilé ìdáná obìnrin òyìnbó kan ni ìyàwó yìí ti ṣiṣẹ́ kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún un ní agolo kékeré kan tí irúgbìn kún inú rẹ̀. Káráwè ló pè é. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tẹ̀ bí èékánná tí a gé jù nù. Bó bá ti gún un, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Kì í ṣe òórùn ìyẹ́rẹ́, kì í ṣe ti ẹfinrin. Ó sún mọ́ ti oògùn inú rírun tí wọ́n ń tà nínú ìgò fún ọmọ ìkókó. Ó ní àwọn òyìnbó a máa fi sí búrẹ́dì, wọ́n a máa fi se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n a sì máa mu omi rẹ̀ bí inú bá wú.

Mo bi í pé, "Ìwọ wá ń fi sínú kí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyáálé mi, inú marúgbó ni. Ó dùn níbẹ̀ gan-an."

Háà! Marúgbó, ọbẹ̀ tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ojú kò lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀ àwo! Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kàn án láti dáná, ata lílọ̀ àti ẹja gbígbẹ ni mo fi ń jẹ púpurú ẹ̀gẹ́ tèmi. Láàárín orogún, ẹni tó bá kọ oúnjẹ èkejì ti pè é ní olóògùn nìyẹn. Ó mọ̀. Ó ṣì ń bu tèmi sílẹ̀, ó ń fi àwo dé e.

Ó gbin díẹ̀ nínú irúgbìn náà sẹ́yìn ilé ìdáná. Ewé rẹ̀ hù wínníwínní. Òjò rọ̀, ó dá. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ. Ewé náà kàn wà nílẹ̀ ṣáá ni, kò tan òdòdó, kò so. Gbogbo ohun tí a ń gbìn nílẹ̀ Ìkálẹ̀, bí kò so, á kú. Èwo ni èyí tí kò so, tí kò sì kú? Nígbà tí oyún ìyàwó wá hàn, tí tèmi kò dé, ó yé mi. Ilé ọmọ mi ló gbìn síbẹ̀.

Olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ìyàwó lọ sọ́jà Òkìtìpupa ni mo hú gbogbo rẹ̀. Ẹ gbà mí! Gbòǹgbò funfun ló wà nísàlẹ̀, ó rí bí ìka ọmọdé. Mo gbé e tọ ọkọ mi lọ níbi tó ti ń se ẹyìn. Nígbà tí ìyàwó dé, a ti jókòó dè é.

Ọkọ mi ní, "Ìyàwó, kí lèyí?"

Ó wò ó títí. "Káráwè náà ni. Òyìnbó mi sọ pé ọdún kejì ló ń tan òdòdó, bí òtútù bá ti mú un. Òtútù ni mo ń retí."

"Òtútù? Níhìn-ín?" Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bu oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Jẹ ẹ́ kí a rí i."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún aboyún. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu iyanrìn kúrò lára gbòǹgbò, ó jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn, ó jẹ ẹ́. Ọkọ mi ní ó tó. Èmi kò sọ pé ó tó.

Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi ṣọ́ ọ. Bó bá wúkọ́, mo ti gbọ́. Bó bá fọwọ́ kan ikùn, mo ti dìde. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ìyáálé mi, mo lè bá ìbínú yín gbélé. Ṣùgbọ́n n kò lè máa jẹun lójú ẹni tó ń retí ikú èmi àti ọmọ inú mi."

Ọkọ mi ní kí n bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ wo? Kò purọ́ mọ́ mi. Láràárọ̀ ọjọ́ méje yẹn ni mo kúnlẹ̀ gbàdúrà pé kí nǹkan ṣe é, kí ó lè jẹ́ èmi ni mo jàre.