A Kò Lọ sí Urfa Lọ Pọn Omi

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ omi lásán ni. Inú ṣì ń bí mi.

Kíláàsì alẹ́ ni mo ń lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Rexdale, lókè òkun níbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa bí a ṣe ń ṣètò ìrìn-àjò afẹ́. Iṣẹ́ àṣekágbá wa ni pé kí olúkúlùkù ṣètò ìrìn-àjò kan tí ẹgbẹ́ kan yóò gbà láti lọ ní tòótọ́. Bí ẹgbẹ́ kò bá gbà, kò sí ìwé-ẹ̀rí. Mo yan gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Tọ́kì, mo sì mú un tọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wa ní Weston lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi kọ́ nípa agbègbè náà. N kì í sọ ohun tí n kò tíì yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn Kọ́díìṣì, Lárúbáwá, Tọ́kì àti àwọn Kristẹni àtijọ́ tí a ń pè ní Síríákì ni wọ́n jọ ń gbé níbẹ̀. A óò kọ́kọ́ dé Mardin, ìlú olókùúta tó jókòó sórí òkè bí ẹni ń ṣọ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí a gbọ́ bí àwọn Síríákì ṣe ń gbàdúrà ní èdè tó bá ti Jésù tan. A óò wọ ọkọ̀ ojú omi ní Halfeti, níbi tí omi ti bo abúlé mọ́lẹ̀ tó ku ilé gogoro mọ́ṣáláṣí tó yọrí. A óò gun òkè Nemrut lọ wo oòrùn tí ń yọ sára àwọn orí ère òkúta ńláńlá tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Harran, ìlú tí Ábúráhámù gbé, àti Urfa, níbi tí adágún ẹlẹ́ja wà. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé wọ́n ju Ábúráhámù sínú iná, iná di omi, igi tó ń jó di ẹja. Wọn kì í pa ẹja náà, wọn kì í jẹ ẹ́. Oúnjẹ ni wọ́n ń fún un.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Alága ẹgbẹ́, ìyá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ń tòògbé títí mo fi dé orí adágún. Ojú rẹ̀ là.

"Omi Ábúráhámù! Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o! Ṣé báálù á jẹ́ ká gbé kẹ́ẹ̀gì?"

"Àǹtí, wọn kì í ki kẹ́ẹ̀gì bọ adágún ẹja yẹn. Ẹ̀rọ omi wà nítòsí tí àlejò lè mu."

"Ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ wà nílé mi! A kì í dé ibi mímọ́ ká bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ọmọ mi. Omi Jọ́dánì ṣì wà lórí fìríìjì mi. Yọ Mardin kúrò. Yọ ọkọ̀ ojú omi náà. Mọ́ṣáláṣí tó rì, kí ló kàn wá? Ká fi àyè ẹ̀ pọn omi."

"Kí wọ́n bá wa mú ẹja kan dání, Àǹtí," ni ìyá kan wí, "ká fi se ọbẹ̀ ìyanu!"

Ẹ̀rín sọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ní abúlé ìyá mi ní Èkìtì, odò kan wà tí a kì í pa ẹja rẹ̀. Kristẹni ni wá. Kò sí ẹni tó ń bọ odò náà nílé wa mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn àlejò láti ìlú ńlá wá ju àwọ̀n sínú rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyá mi jókòó létí odò, ó sunkún.

Mo dìde. "Àǹtí, ẹ forí jì mí. N kò ní kó ènìyàn lọ sílé onílé lọ ki kẹ́ẹ̀gì bọ ohun tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Bó bá jẹ́ omi lẹ ń wá, odò Humber ń ṣàn nítòsí ibí."

Àǹtí kọjú sí mi.

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ìwé-ẹ̀rí rẹ ńkọ́?"

"Kó dúró ná, mà."

Kò sẹ́ni tó gbà láti bá mi lọ. Ní kíláàsì, mo ṣàlàyé ètò náà láìyọ ibì kankan kúrò. Olùkọ́ yìn ín, ó wá béèrè ẹgbẹ́ tó gbà á. Mo ní kò sí. Ó ní kí n padà wá ní sáà tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Mo ń wá wọn báyìí.

Mo gbọ́ pé Àǹtí ti rí ẹlòmíràn tí yóò kó wọn lọ, pé kẹ́ẹ̀gì ti wà nílẹ̀. Àdúrà mi kò ju pé kí ẹnì kan wà létí adágún náà lọ́jọ́ yẹn, kó dìde dí wọn lọ́nà, kó má ṣe jókòó sunkún.