Òkú Sìmẹ́ńtì

Gbì, gbì, gbì. Ariwo tó jí mi láàárọ̀ Jímọ̀ tó kọjá nínú ilé mi ní Ọ̀bà-Ilé nìyẹn. Mo ní ta ló ń gúnyán ní kùtùkùtù báyìí? Mo bá yọjú lójú fèrèsé. Àṣé aládùúgbò mi tó ń kọ́lé ni. Òjò ti pa sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó ti le gbagidi, ló wá ń fi ọmọ odó lù ú kó lè padà di lẹ́búlẹ́bú. Eruku rẹ̀ kó sí mi nímú, mo sì sín.

"Mọ́mì, ẹ má dààmú," ó ní, "ó ṣì máa ṣiṣẹ́."

Ṣíọ̀! Iṣẹ́ wo?

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe lágbára tó wà lára àpò sìmẹ́ńtì tiyín. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri yàtọ̀ sí èyí tó lágbára láti gbé òpó àti dẹ́kìn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, funfun tún wà tí àwọn onítáìsì fi ń dí ojú àlàfo. Síbẹ̀, bíríkìlà tó kàwé yóò ka nọ́ńbà yẹn tán, yóò sì gbé ti ògiri sínú òpó ilé alájà méjì, nítorí pé òun ló wà nítòsí. Ìwà ọ̀bùn gbáà ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Oǹdó, a ò mọ nọ́ńbà kankan. Ọwọ́ Bàbá Bọ́sẹ̀ ni nọ́ńbà tiwa. Bíríkìlà ni, Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ mi. Bàbá yìí a ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́. Tó bá tutù bí ilẹ̀ abẹ́ àmù, tó sì kúnná láàárín ìka, ó dára nìyẹn. Orí pákó ló máa ń to àpò sí, kì í jẹ́ kó kan ògiri, á sì ta tapólì lé e. Ìyá Bọ́sẹ̀ a ní, "Ká ní sìmẹ́ńtì ni mí, ẹ ò bá ti máa bi mí bóyá mo sùn dáadáa."

Ọ̀dọ̀ Màmá Kékeré, àbúrò ìyá mi, ni mò ń gbé, sìmẹ́ńtì ló sì ń tà. Lọ́dún kan, òjò jò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀pọ̀ àpò di òkúta. Kàkà kó kó wọn dà sí kòtò ojú títì, ọmọ odó ló kó lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi gún sìmẹ́ńtì. Asẹ́ gàrí la fi jọ̀ ọ́, asẹ́ yẹn náà la tún fi jọ gàrí tí a jẹ ní Sátidé. Ó ṣì ń rí mi lára dòní. Màmá Kékeré po òkú mọ́ alààyè, ó rán ẹnu àpò padà, ó sì fa etí mi: "Pa ẹnu ẹ mọ́ o."

Tíṣà àgbà kan ló rà á, Bàbá Bọ́sẹ̀ ló sì ń kọ́lé fún un. Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ́ kíá. "Tíṣà, sìmẹ́ńtì yìí ti kú."

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rajà ni? Pò ó jàre!"

Ibẹ̀ ni bàbá ti ṣìṣe. Kàkà kó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé, ó ní òun á ran sìmẹ́ńtì náà lọ́wọ́. Níbi tí àpò kan tó, méjì ló ń dà. Àpò tán kí iṣẹ́ tó tán. Nígbà tí wọ́n wá tú pákó abẹ́ dẹ́kìn, àárín rẹ̀ já wálẹ̀ gbì. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sẹ́ni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kíá ni ìlú ti dájọ́: bíríkìlà ti jí sìmẹ́ńtì tà, ṣé ẹ ò rí i pé àpò tètè tán? Màmá Kékeré ni ohùn rẹ̀ ga jù. Ẹnu tó fi ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ń pe ọmọlúàbí lólè. Tùẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò fún bàbá níṣẹ́ mọ́. Ní ilé ìwé, wọ́n ń pe Bọ́sẹ̀ ní ọmọ olè, èmi náà sì kúrò lórí bẹ́ńṣì tí a jọ ń jókòó sí.

Láàárọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù lọ sí Ìgbàrà-Òkè, Bọ́sẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kò sunkún. Ó ní, "Ìwọ tó o ń gbé níbí, ṣé lóòótọ́ ni bàbá mi jí sìmẹ́ńtì?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ̀ kú láìkọ́ ilé kankan mọ́. Ṣọ́ọ̀bù Màmá Kékeré ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Gbogbo nǹkan ti yí padà, àfi ohun tó wà lọ́kàn mi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èwo ni kó bá? Òtítọ́ ò gbéra rárá, ẹnu mi ló jókòó sí, èmi àgbà yìí, ìríra ara mi ló sì ń pa mí.

Bọ́sẹ̀, bí o bá wà láyé, mo mọ̀. Bàbá rẹ kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo gún òkú sìmẹ́ńtì náà.