Ìbínú Ù Tha Zan

Kò sí ẹni tó mọ àgbá kẹ̀kẹ́ màlúù í kàn tó Ù Tha Zan ní gbogbo abúlé wa lẹ́bàá òkè Sagaing. Kò sì sí ẹni tó ń bínú tó o. Lọ́jọ́ tó la àwo ọbẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú àlejò, ìyàwó rẹ̀, Daw Saw Khin, di ẹrù rẹ̀. Ó sọdá odò lọ sílé Nwe, ọmọbìnrin wọn, ó sì ránṣẹ́ padà pé ọjọ́ tí ìbínú bá kúrò lára ọkọ òun ni kó wá mú òun.

Ù Tha Zan ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì, àwọn tó fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn Búdà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ju ìjókòó lọ. Wàá di ojú, wàá máa wo bí ikùn ṣe ń wú tó sì ń fà. Ìrora tàbí èrò yòówù tó bá dé, wàá dárúkọ rẹ̀, wàá sì jẹ́ kó lọ. Ọ̀nà tí Búdà fúnra rẹ̀ tọ̀ nìyẹn: ẹni tó bá rí i pé ohun gbogbo ń kọjá lọ kò ní dì mọ́ nǹkan kan, ìyà ò sì ní rí i mú.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi jẹ́ pé orúnkún tó ń dùn ún nìkan ló rí wò. Àfi bí ìmọ́lẹ̀ kan ṣe tàn lójú rẹ̀ tó dì, tí ara rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú, tó ń sunkún ayọ̀. Ó dá a lójú pé òun ti dé ibi tí Búdà dé. Ó ti ń ro aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ mú ìyàwó.

Mọ́ńkì àgbà tó ń tọ́ wọn sọ́nà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń họ apá.

"Olóore wa, ìmọ́lẹ̀ yẹn, ṣé ẹ dárúkọ rẹ̀?"

"Bàbá, ohun tí mo rí kọjá orúkọ."

"Ìmọ́lẹ̀ lẹ rí. Ẹni tó sùn sójú ọ̀nà torí pé ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣé ó ti délé ni?"

Àwọn tó jókòó nítòsí rẹ́rìn-ín. Ooru gun Ù Tha Zan láti àyà dé etí. Ó ti di ẹ̀ṣẹ́ kó tó rí i: ooru náà, eyín tó wa pọ̀, ìbínú. Ó tẹjú mọ́ ọn bó ṣe máa ń tẹjú mọ́ igi tó fẹ́ là. Ìbínú náà hó, ó rọlẹ̀, ó sì lọ. Ù Tha Zan kò ju nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Ó wólẹ̀. "Bàbá, ó wá, ó sì lọ. N ò mọ̀ pé ó máa ń lọ."

"Ọ̀nà nìyẹn," ni mọ́ńkì wí. "Ẹ padà sí àyè yín."

Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti jókòó lórí òkè yẹn títí ewú fi gbà wọ́n lórí. N ò mọ ẹlòmíràn tó ní ìgboyà láti fi ìmọ́lẹ̀ tó dùn mọ́ ọn sílẹ̀, kó wá yíjú sí ohun tó ń tì í lójú.

Nígbà tí òjò dá, ó sọdá odò. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé. Ó bi í bóyá ìbínú náà ti tán. Ù Tha Zan ní rárá.

"Kí lẹ wá ṣe nígbà náà, Bàbá Nwe? Àbí ẹ ti di ẹni mímọ́, kí n máa kúnlẹ̀ gbé ìrẹsì fún yín?"

Ọkọ ọmọ wọn fọwọ́ bo ẹnu. Etí bàbá náà pọ́n. Ó dijú.

"Ní sùúrù fún mi díẹ̀," ló wí. "Ó ti dé."

Nígbà tó yá, ó lajú. "Ó ti lọ."

Daw Saw Khin wò ó pẹ́. Ó ní òun ò tíì lè bá a lọ lónìí. Kó tún wá lọ́la, òun fẹ́ tún rí i. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó wá lọ́jọ́ kẹta, ó sì ń wá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí odò fà, àwọn méjèèjì jọ fẹsẹ̀ gba orí yanrìn padà sílé.