Omi Odò Ìlú Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ìyá mi rí nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Ẹ lè fi mí rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán ná!

Gbogbo wa ní Abẹ́òkúta la mọ̀ pé ogun ló kó wa jọ sábẹ́ Olúmọ. Agbo ilé wo ni kò ní ìlú kan tó fi sílẹ̀ nínú igbó? Oyún mi ni ìyá mi gbé sá wá. Bàbá mi ní kó máa lọ, pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò dé o. Títí dòní, a kò gbúròó rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìyá mi kò pe ilé wa ní ilé rí. Ibùsọ̀ ló ń pè é. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú ilé, á bi yín pé ilé wo? Àwọn obìnrin yòókù a máa fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá wọn, á máa dán. Tiwa kún fún eruku. Ta ló ń pa ilẹ̀ ibùsọ̀?

Ẹrù rẹ̀ wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àdó kékeré kan wà nínú rẹ̀, ìwọ́ mi ló sì wà nínú àdó náà. Ẹ mọ̀ pé ilé ẹni la ti ń ri ìwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀. Ìyá mi ní òun kò ní ri tèmi mọ́ ilẹ̀ ibi tí a kàn ń kọjá lọ, ó dìgbà tí a bá padà sílé. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, ìwọ́ mi ṣì wà nínú àdó!

Ti omi ló wá burú jù. Èmi ni mo ń pọn omi odò Ògùn fún un láti ìgbà tí orí mi ti lè gbé ìkòkò. Bó bá ti mu ún, á yínmú, á ní omi kọ́ rèé, omi odò ìlú wa ni omi. Mo gbìyànjú omi òjò. Mo gbìyànjú ìsun tó wà lábẹ́ àpáta. Omi kọ́ ni gbogbo wọn!

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan náà ni òun àti Ìyá Ọlọ́ṣẹ, aládùúgbò wa, jọ sá kúrò nílùú náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ pàdánù ọkọ, ó pàdánù ọmọ méjì. Síbẹ̀, kò tíì ní òrùlé lórí tó fi gbin obì sẹ́yìn ilé. Wọ́n bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ jẹ ẹ́? Ó ní bí òun kò bá jẹ obì rẹ̀, òun á jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀.

Mo máa ń wo àwọn méjèèjì. Nǹkan kan náà ló ṣe wọ́n, kí ló dé tí ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, tí èkejì kò lè gbé omi mì láìráhùn? N kò ní kí ìyá mi má sunkún bàbá mi o. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Èmi tí mo wà láàyè níwájú rẹ̀, ṣé n kò tó nǹkan kan ni?

Ìgbà tí mo wá bímọ, tí ìwọ́ ọmọ já, ọkọ mi gbé ọkọ́, ó ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi dínà fún un. Ó ní ọmọ-ọmọ òun kò ní di ọmọ ibùsọ̀. Ó ní òun á fi ti ọmọ náà sínú àdó mìíràn, òun á gbé ìwọ́ méjèèjì lọ sílé, òun á sì jókòó síbẹ̀ títí ikú á fi dé. Ìyá Ọlọ́ṣẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó ti ń gbé ẹrù!

Ọkọ mi kì í bá àna rẹ̀ jiyàn. Ó ní kó jẹ́ kí ọrùn ọmọ le díẹ̀, a ó jọ lọ. Nígbà tó tó àkókò, ó bẹ àwọn ọdẹ tó ń lọ sí apá ibẹ̀ pé kí wọ́n mú wa dání, nítorí gbọ́mọgbọ́mọ.

Ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bà mí jù ni odò náà. Bí omi rẹ̀ bá dùn ńkọ́? Bí ìyá mi bá jókòó tì í, tí kò bá wa padà mọ́ ńkọ́?

A dé ibẹ̀. Ìlú ti di igbó. Ìyá mi ń tọ́ka: ọjà rèé, ilé bàbá rẹ rèé. Igi nìkan ni èmi ń rí. Ṣùgbọ́n odò náà wà níbẹ̀ o, ó ń ṣàn jẹ́jẹ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bù ú mu, ó dijú.

Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ó ṣì dùn?"

"Ó dùn."

Èmi náà bù ú mu. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, omi ni! Ó tilẹ̀ ń rùn bí ewé díẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu.

"Ìyá mi, omi lásán mà ni o!"

Ọkọ mi húkọ́. Ìyá mi wò mí títí, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n. Bàbá rẹ ló ń pọn ọ́n fún mi nígbà oyún rẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀sín pé ọkùnrin ń ru omi, kò dá wọn lóhùn. Bó bá gbé e dé, á dúró, á máa wò mí títí n ó fi mu ún tán."

Kò sọ èyí fún mi rí. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó tutù fún omi. Ìgbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Àbẹ̀kẹ́, ìwọ náà ń pọnmi fún mi láti kékeré. O máa ń dúró, o máa ń wojú mi. N ò tíì tọ́ omi rẹ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo bú sẹ́kún. Ọmọ ẹ̀yìn mi náà bú sẹ́kún, bóyá ebi ló ń pa tirẹ̀.

Ọkọ mi gbé ọkọ́, ó ní kí Ìyá fi ibi tí òun á gbẹ́ han òun. Ìyá mi wo igbó yí ká, ó wá fi àdó méjèèjì sínú ìró rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ gbẹ́ níbí? Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, kí ọmọ yìí má baà jìyà."

Ọkọ mi bi í pé ilé wo.

"Ilé mélòó la ní?"

Abẹ́ igi obì Ìyá Ọlọ́ṣẹ la ri ìwọ́ méjèèjì mọ́, tèmi àti ti ọmọ mi. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ń wá ìgbẹ́ màlúù kiri àdúgbò!

Kì í ṣe pé ìbànújẹ́ rẹ̀ tán o. Nígbà mìíràn, á jókòó lẹ́nu ọ̀nà, á dárúkọ bàbá mi, èmi náà á jókòó tì í. Kò sí ohun tó yí padà nínú ohun tí ogun kó lọ. Ojú tó fi ń wo ohun tí ogun fi sílẹ̀ ló yí padà, ìyẹn sì ti tó fún ayọ̀ láti ráyè wọlé. Bí mo bá gbé omi dé báyìí, á mu ún, á ní, "Omi yìí mà dùn o!" Kódà nígbà òjò, tí odò Ògùn bá dàrú. Ẹrẹ̀ ni o, ẹ̀yin èèyàn mi! Á ṣì ní ó dùn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ń pọnmi fún yín lójoojúmọ́ tí ẹ kò tíì tọ́ ọ wò? Ẹ sọ tiyín fún mi, mo ti jókòó, etí mi là.