Ọkọ̀ Òfurufú Kpakungu

Ṣé o mọ ẹnì kankan tó wa ọkọ̀ òfurufú ní Kpakungu rí? Má wulẹ̀ ronú jìnnà, èmi wà á. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yìnbọn bà mí lulẹ̀, ṣùgbọ́n mo wà á.

Inú àpótí géèmù onípákó kan ni ọkọ̀ náà wà. Àpótí yẹn ga tó ilẹ̀kùn, ó ní gíláàsì níwájú, igi kékeré kan téèyàn fi ń darí ọkọ̀, àti bọ́tìnnì pupa tí a fi ń yìnbọn. Ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní pírámárì. Ọkọ̀ tìẹ á wà nísàlẹ̀ gíláàsì, òkun á máa sáré kọjá lábẹ́ ẹ̀, àwọn ọkọ̀ ọ̀tá á máa ya bọ̀ láti òkè bí eṣú. Iṣẹ́ ẹ ò ju méjì lọ: yìnbọn, kó o sì yẹra.

Èmi ò mọ yíyẹra. Màá kàn máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tó ń gúnyán fún ọgọ́rùn-ún àlejò, lẹ́yìn náà ni màá wá fi orí ara mi sọ ọta kan ṣoṣo tó kù lójú sánmà. Àwọn tó ń dúró de ìgbà tiwọn fẹ́ràn mi gan-an. Tí wọ́n bá ti rí mi nídìí ẹ̀rọ, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn ìdọ̀tí kúrò ní ṣòkòtò, torí wọ́n mọ̀ pé ó ti kàn wọ́n.

Bọ̀dá mi, àkọ́bí ilé wa, ni ọ̀gá gbogbo wa. Òun nìkan ló ń dé ibi tí ọkọ̀ ńlá kan ti ń jáde, tó fẹ̀ débi pé ó bo òkun.

Ohun kan wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí mi ò rí níbòmíì: ẹnu òǹwòran kì í sinmi. Ọmọ Yorùbá ni o, ọmọ Nupe ni o, Hausa ni gbogbo wa fi ń pariwo. Tó bá yẹ kí ẹni tó ń wakọ̀ sá sí ọ̀tún, a ó ní, "Dama, dama." Tó bá jẹ́ òsì, "Hagu, hagu." Tó bá kàn mí, òdìkejì ni wọ́n máa ń sọ, kí n lè tètè kú. Ti bọ̀dá mi, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ rí ọkọ̀ ńlá yẹn.

Bọ̀dá mi kì í wo gíláàsì bí a ṣe ń wò ó. Á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dẹ etí sí wa, ọwọ́ ẹ̀ á máa lọ. A ní ṣakará ni. Èmi náà gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan, mo kú kí òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Nígbà tó yá, iná mànàmáná dé lójijì pẹ̀lú agbára, ó jó àpótí náà. Ọdún ń lọ. Bọ̀dá mi wọ yunifásítì ní Gidan Kwano. Nílé, á da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, á kọ lu àpótí ìjókòó tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ìyá wa á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o kì í farabalẹ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ìgbà tí mo jáde sẹ́kọ́ndìrì ni mo rí sídì kan ní ọjà Kure tí ọkọ̀ òfurufú wa wà lára ẹ̀. Wọ́n ti tún géèmù yẹn ṣe fún ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé. Òkun wá ń dán, èéfín wá dà bí èéfín gidi. Mo sáré gbé e lọ bá bọ̀dá mi. Ọ̀sán ni, àwa méjèèjì nìkan la wà nílé.

Ó jókòó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni fẹ́ wọnú ẹ̀. Mo dákẹ́, mò ń retí kó kú kó lè kàn mí. Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló pa á. Ó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún pa á.

"Haba, Bọ̀dá," mo ní, "ọwọ́ yín ti di ọwọ́ mi o. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ ra ẹyẹlé, kó máa bá wa fò."

Kò rẹ́rìn-ín. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ kí ni?"

"Ibi tó wà."

"Iwájú yín náà ló wà."

"Sọ ibi tó wà fún mi, jọ̀ọ́."

Bọ̀dá mi ò sọ jọ̀ọ́ fún mi rí. Mo ní, "Dama." Ọkọ̀ lọ sí ọ̀tún. Mo ní, "Hagu." Ó lọ sí òsì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo na ọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ ọ̀tún, mò ń jù ú. Ojú yẹn ò ṣẹ́. A ń lọ bẹ́ẹ̀, títí ọkọ̀ ńlá fi jáde, tí mo ṣíwọ́ pípè.

"Láti ìgbà wo?"

"Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Òsì ṣẹ́ kù, àmọ́ bí ẹni ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Má sọ fún Bàbá. Wọ́n á ní kí n fi ilé ìwé sílẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe wá ń kàwé?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń kà á sí mi létí. Bí géèmù náà ni."

Ẹnu tèmi ò ní ilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá wa ti gbọ́. Dókítà ní ọ̀tún ti lọ, kò ní padà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí òsì kí èyí tó kù má bàa lọ, wọ́n sì fi báńdéèjì bò ó. Kò lọ sí kíláàsì mọ́.

Èmi náà gbé ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, ìdánwò sì gbé mi ṣubú, ni wọ́n bá fi mí ṣe ojú ẹ̀. Ojú tí wọ́n fún un yìí ya ọ̀lẹ. Tí a bá ń rìn lójú títì, màá máa ní, "Dama, Bọ̀dá, alùpùpù ń bọ̀." Lánàá, mo pe hagu níbi tó yẹ kí n pe dama, a jọ wọ gọ́tà. Ó dìde, ó gbọn aṣọ, ó ní, "Mo ti mọ̀ pé tí mo bá fi ọkọ̀ mi sí ọwọ́ ẹ, wọ́n á bà mí lulẹ̀." Ìgbà yẹn nìkan ló rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n ti di ojú ẹ̀.

Òní ni wọ́n máa tú báńdéèjì. Ó ti wọṣọ láti àárọ̀, ó jókòó sí pálọ̀, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tí a ò tàn. Ó bi mí pé kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá yẹn. Mo ní mi ò mọ̀, mi ò tíì fọwọ́ kan sídì náà látọjọ́ yẹn. Ó ní tí òsì bá ṣì ríran, òun á fi ojú òun wò ó, kí n sì di ẹnu mi. Tí kò bá ríran...

"Kí lò ń kọ látàárọ̀?" Ìyá wa nìyẹn. "Takisí ti dé. Wá mú bọ̀dá ẹ lọ́wọ́, ká máa lọ."